Gìtá tí ohùn rẹ̀ ń tẹ́ bí ìkùukùu: báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Ìbéèrè: Mo gbọ́ gìtá kan lẹ́yìn akọrin, ohùn rẹ̀ kàn rọra kún gbogbo ilé. Mi ò gbọ́ ìgbà tí wọ́n ta á. Ṣé gìtá ni lóòótọ́, àbí kíbọ́ọ̀dù?

Gìtá ni. Ìbẹ̀rẹ̀ ohùn ni etí fi ń dá ohun èlò orin mọ̀ jù. Tí píìkì bá kan okùn, "tá" kékeré kan á kọ́kọ́ jáde kí ohùn gangan tó tẹ̀ lé e. "Tá" yẹn ló ń sọ fún wa pé gìtá nìyí. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ohun tó ṣẹ́kù lè jọ gòjé, ó lè jọ fèrè, ó lè jọ ẹnu èèyàn. Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀: ká gé orí ohùn, ká sì fa ìrù rẹ̀ gùn. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń ṣe ti àkọ́kọ́, pẹ́dàlì (àpótí kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀) delay, tó ń dá ohùn padà bíi gbohùngbohùn, àti reverb, tó ń mú kó dún bíi nínú gbọ̀ngán ńlá, ló ń ṣe ìkejì. Ẹni tó ra pẹ́dàlì mẹ́fà tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gé orí ohùn, ìrù nìkan ló ń fà, ariwo ló sì máa ń dà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ jùjú ti mọ ohùn yìí tipẹ́. Ẹ tún fetí sí pedal steel (gìtá tí a ń tẹ́ sílẹ̀ ta) tí Démọ́lá Adépọ̀jù ta nínú ẹgbẹ́ King Sunny Adé ní àwọn ọdún 1980, bó ṣe ń yọ́ wọlé tó tún ń yọ́ jáde láàárín àwọn gìtá yòókù. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni àwọn tó ń ta pedal steel fi máa ń darí pẹ́dàlì fóliọ́ọ̀mù bí wọ́n ṣe ń ta á. Ọgbọ́n kan náà ni à ń sọ níbí.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè gé orí ohùn láìra pẹ́dàlì kankan?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ yí fóliọ́ọ̀mù ara gìtá sí òdo. Ẹ ta okùn, kí ẹ wá fi ìka tó kéré jù ṣí i díẹ̀díẹ̀, kó gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó kún. Ẹ dá a padà sí òdo kí ẹ tó ta òmíràn. Lára gìtá oríṣi Stratocaster, bọ́tìnnì fóliọ́ọ̀mù sún mọ́ okùn, ìka kékeré á dé e. Ti gìtá Les Paul jìnnà, ibẹ̀ sì ni pẹ́dàlì fóliọ́ọ̀mù ti ń gbani là.

Tí ẹ bá ṣí i kí ẹ tó ta okùn, "tá" náà á sá jáde. Tí ẹ bá sì pẹ́ jù, okùn á ti ń kú lọ. Ẹ má bẹ̀rù láti ta á gidi, torí pé kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, okùn tí a sì ta gidi ló ń pẹ́.

Fóliọ́ọ̀mù ara gìtá ní àléébù kan: bí a ṣe ń dín in kù, ohùn òkè ló kọ́kọ́ ń sọnù. Ẹni tó ń tún gìtá ṣe lè jó capacitor 1 nF àti resistor 150 kΩ mọ́ ọn, wàhálà náà á dín kù. Tó bá jẹ́ pẹ́dàlì fóliọ́ọ̀mù lẹ fẹ́ rà, ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 250 kΩ ni gìtá ń wọ̀ tààrà. 25 kΩ wà fún ẹ̀yìn àwọn pẹ́dàlì tó ń lo iná. Ẹni tó bá fi gìtá sínú 25 kΩ tààrà á gbọ́ ohùn bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ bò lẹ́nu.

Ìbéèrè: Pẹ́dàlì wo ló yẹ kó ṣáájú?

Gìtá, compressor (tó ń mú ohùn dọ́gba), overdrive (tó ń mú ohùn há), pẹ́dàlì fóliọ́ọ̀mù, chorus (tó ń mú ohùn kan dún bí ọ̀pọ̀) tó bá wà, delay, reverb, ampilifáyà. Tí pẹ́dàlì fóliọ́ọ̀mù bá ṣáájú delay àti reverb, ẹ lè tì í pa, ìrù ohùn tó ti wọ inú wọn á ṣì máa lọ fúnra rẹ̀, ọwọ́ yín á sì ráyè lọ sí kóòdù mìíràn. Tó bá wà lẹ́yìn wọn, ìrù náà lẹ máa gé.

Overdrive kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn reverb, àfi tí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fẹ́ ohùn jẹ́jẹ́ sókè kó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tó le dọ́gba, nítorí náà ìrù tó yẹ kó máa kú lọ á wá dún tó ohùn tuntun. Ampilifáyà tí ohùn rẹ̀ ń há fúnra rẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Tó bá ní ihò SEND àti RETURN lẹ́yìn, ibẹ̀ ni kí ẹ so delay àti reverb mọ́.

Ìbéèrè: Delay mi ní TIME, FEEDBACK àti MIX. Iye wo ni kí n gbé wọn sí?

TIME, àkókò tó wà láàárín ohùn àti gbohùngbohùn rẹ̀, gbọ́dọ̀ bá ìyára orin mu. Ẹ fi iye lílù inú ìṣẹ́jú kan pín 60,000. Orin tó ń lọ ní 80 á fún yín ní 750 mílísẹ́kọ́ǹdì fún lílù kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.75, ó di nǹkan bí 562. Ìwọ̀n ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí ni The Edge, onígìtá ẹgbẹ́ U2, fi di ìlú mọ̀ọ́ká: gbohùngbohùn ń bọ́ sí àárín àwọn ohùn tí ọwọ́ ń ta, èèyàn kan á wá dún bí èèyàn méjì. Pẹ́dàlì tó bá ní TAP gba yín lọ́wọ́ ìṣirò, ẹ kàn fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ìlù ṣe ń lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ FEEDBACK (bí gbohùngbohùn ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe tó) láti ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún, MIX (bí gbohùngbohùn ṣe pọ̀ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn gangan) láti 30. Nígbà tí ẹ bá ń gé orí ohùn, MIX lè dé 50. Tí delay bá ní TONE, ẹ dín in kù kí gbohùngbohùn dúdú díẹ̀ ju ohùn gangan lọ; ìyẹn ló ń mú kó dà bíi pé ó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀.

Ìbéèrè: Nínú yàrá mi ó dùn. Tí mo bá wà pẹ̀lú ẹgbẹ́, rúdurùdu ni. Kí ló fà á?

Ìdí rẹ̀ pọ̀, àmọ́ kóòdù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Reverb tí DECAY rẹ̀ (bí ìrù ohùn ṣe ń pẹ́ tó) tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà ṣì ń sọ kóòdù àná nígbà tí ẹ ti wà lórí ti òní. Tí ẹ bá ń ta okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ohùn méjìlá ló ń bá ara wọn jà. Ẹ má ta ju ohùn méjì tàbí mẹ́ta lọ, kí ẹ sì wá èyí tó bá gbogbo kóòdù orin náà mu. Nínú kí (key) G, ẹ tẹ okùn àkọ́kọ́ àti èkejì mọ́lẹ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta, èyí tó jẹ́ G àti D. Ẹ má gbé ìka kúrò. Bí oníbéèsì bá lọ sí G, sí E, sí C, sí D, ohùn méjèèjì yìí bá gbogbo wọn mu, ẹwà wọn á sì máa yí padà láìjẹ́ pé ẹ ṣe ohunkóhun. A fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju pẹ́dàlì èyíkéyìí lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, béèsì. Ẹ gé ohùn tó wà nísàlẹ̀ 150 sí 200 Hz kúrò nínú reverb, tàbí lórí mixer. Oníbéèsì àti ìlù ẹsẹ̀ ló ni ibẹ̀. Tí reverb yín bá ní PRE-DELAY (àkókò kí reverb tó bẹ̀rẹ̀), ẹ gbé e sí 40 sí 80 mílísẹ́kọ́ǹdì, kí ohùn gangan ráyè jáde kí ìkùukùu tó bò ó.

Ẹ wo ilé náà pẹ̀lú. Gbọ̀ngán tó jẹ́ símẹ́ǹtì àti páànù, tí kò ní aṣọ lára ògiri, ti ní reverb tirẹ̀. DECAY tí ẹ fi dánrawò nínú yàrá tó ní bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnnì, ẹ gé e sí ìdajì níbẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ni shimmer?

Reverb tó ń gbé ohùn lọ sí ọ̀kítéfù òkè, tó sì ń dá a padà sínú ara rẹ̀, kó lè máa gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i. Brian Eno àti Daniel Lanois, àwọn tó ń bójú tó gbígba orin sílẹ̀, ló sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ti tó. Ohùn ẹyọ kan ni kí ẹ fún un, láti àárín gìtá. Kóòdù kíkún á mú kó máa ké bí irin.

Ìbéèrè: Pẹ́dàlì mi ń kùn, ó sì máa ń pa fúnra rẹ̀.

Iná ni. Ọ̀pọ̀ pẹ́dàlì ń lo 9 V, àárín ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ odi (negative). Overdrive lè má jẹ ju 10 mA lọ, ṣùgbọ́n delay àti reverb oní-dígítà lè jẹ 100 sí 300 mA. Tí ẹnu tó ń fún un níná kò bá tó bẹ́ẹ̀, á máa kú, á máa jí. Tó bá jẹ́ wáyà kan ṣoṣo lẹ fi ń pín iná fún gbogbo wọn, ariwo àwọn oní-dígítà á wọ inú overdrive, overdrive á sì gbé e sókè. Ẹ ra èyí tí ẹnu kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dá dúró, tàbí ó kéré tán kí ẹ ya àwọn oní-dígítà sọ́tọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ádápítọ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Iná ibẹ̀ jẹ́ 120 V, tiwa jẹ́ 230 V. Tí kò bá kọ 100–240 V sí ara rẹ̀, ẹ má kì í bọ ògiri.

Ìbéèrè: A kò ní ampilifáyà gìtá, inú mixer ni mò ń kì í sí.

Sípíkà inú ampilifáyà gìtá kì í gbé ohùn tó ju nǹkan bí 5 kHz lọ dáadáa, ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń rọ̀. Mixer ń gbé gbogbo rẹ̀, ohùn á wá máa gún etí. Ẹ lo pẹ́dàlì tó ń fara wé sípíkà, kí ẹ fi í sẹ́yìn overdrive. Tí kò bá sí, ẹ gé ohùn òkè láti 5 kHz lórí mixer. Ẹ má ki gìtá nìkan bọ LINE tààrà, ihò yẹn kò bá pickup rẹ̀ (ohun tó ń gba ohùn okùn) mu, ohùn á sì rẹ̀. DI box, àpótí kékeré tó ń mú gìtá bá mixer mu, ni kó wà láàárín.