Ta ló ní òfin ní kí ẹ bo orúkọ ara ìgò?

Ẹ débi tí wọ́n ti ń ya fíìmù ní Òṣogbo, ní Òkè-Fìà tàbí Òkè-Baálẹ̀, ẹ ó rí ọmọṣẹ́ kan tó ń fi téèpù dúdú wé ìgò. Ẹ bi í pé kí ló dé, á ní: “Òfin ni o, bọ̀ọ̀dá. Bí orúkọ wọn bá hàn, wọ́n á gbé wa lọ sílé ẹjọ́.”

Òfin àmì òwò kò sọ bẹ́ẹ̀. Tiwa, tó ti wà láti 1965, ń dáàbò bo orúkọ ọjà kí ẹlòmíràn má baà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjà tirẹ̀ fi tan oníbàárà jẹ. Bí òṣèré bá mu ẹlẹ́rìndòdò tó fowó rà, ta ni yóò rò pé ẹni tó ya fíìmù ló pò ó? (Kí eré purọ́ mọ́ ọjà pé májèlé ni, ìyẹn yàtọ̀.) Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọn kì í jáfara àtipẹjọ́, Caterpillar gbé Disney lọ sílé ẹjọ́ ní 2003, torí pé katapílà wọn ni àwọn ọ̀tá fi ń ba igbó jẹ́ nínú George of the Jungle 2. Adájọ́ kọ̀, kò dá fíìmù náà dúró.

Owó ló wà ńdìí téèpù yẹn. Ìpolówó ni tẹlifíṣọ̀n ń tà. Bí ọjà bá ń hàn lọ́fẹ̀ẹ́ nínú eré, ta ló tún fẹ́ sanwó? Bí ilé iṣẹ́ kan bá sì ṣe onígbọ̀wọ́ yín, ẹ dán an wò, kí ẹ gbé ọjà orogún rẹ̀ sórí tábìlì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di oṣù kejì 2011, ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ fún eré tẹlifíṣọ̀n wọn ni kí wọ́n gbowó gbé ọjà sí i.

Ìgò Coca-Cola tí wọ́n ń wé yẹn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn oníṣẹ́ gíláàsì ṣe é ní 1915, ìgò tí èèyàn lè fọwọ́ bà lókùnkùn kó sì dá a mọ̀ ni wọ́n béèrè. Kí ni téèpù fẹ́ fi pamọ́ níbẹ̀?

Ògiri ẹ̀yìn òṣèré ló yẹ kí wọ́n máa wò. Ìlú oníṣẹ́ ọnà la wà. Pálọ̀ wo ni kò ní àwòrán tàbí bàtíìkì? Ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe é (copyright) kì í ṣe ọ̀rọ̀ àmì òwò rárá. Faith Ringgold, oníṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, pe BET, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan níbẹ̀, lẹ́jọ́ torí pósítà iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn lára ògiri nínú eré kan, tí gbogbo ìfarahàn rẹ̀ kò pé ìdajì ìṣẹ́jú. Ní 1997, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kọ̀ láti kà á sí ohun kékeré, ó dá ẹjọ́ náà padà pé kí wọ́n tún un gbọ́. Ní Òṣogbo níbí, ẹni tó ya tiyín lè má jìnnà ju Ọjà Ọba lọ. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó tan kámẹ́rà.