Láti kòtò èédú dé Sloviansk: ibi tí ìyapa Donbas ti ṣẹ̀

Ará Wales ló tẹ ìlú Donetsk dó. John Hughes lorúkọ rẹ̀, oníṣẹ́ irin láti Merthyr Tydfil. Ó gúnlẹ̀ sí pápá oko ìlà-oòrùn Ukraine ní 1870 pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi mẹ́jọ tó kún fún irinṣẹ́ àti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Wales bíi tirẹ̀. New Russia Company lorúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀. Ẹnu àwọn ará ibẹ̀ kò gba Hughes, Yuz ni wọ́n ń pè é, ìlú tó sì hù yí iléeṣẹ́ náà ká di Yuzovka. Ní 1924 wọ́n fi orúkọ Stalin sọ ìlú náà, ó sì di 1961 kó tó máa jẹ́ Donetsk. Luhansk náà kò yàtọ̀ púpọ̀: ọmọ Scotland kan, Charles Gascoigne, ló dá iléeṣẹ́ tó ń rọ àgbá ogun sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1795.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ni pé láti 2014 la ti ń gbọ́ ọ pé ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni Donbas láti ìwáṣẹ̀, pé àwọn tó ń sọ èdè Rọ́ṣíà níbẹ̀ kàn ń padà sílé baba wọn ni. Ìwáṣẹ̀ wo? Donetsk kò tíì pé 150 ọdún nígbà tí ogun yìí bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2014. Donbas fúnra rẹ̀, ìkékúrú lásán ni: agbègbè èédú odò Donets, ìyẹn ìpínlẹ̀ Donetsk àti Luhansk. Èédú ló bí i.

Kí Hughes tó dé, ilẹ̀ àwọn Cossack ti Zaporizhzhia ló wà nítòsí ibẹ̀, àwọn jagunjagun orí ẹṣin tí wọn kò fẹ́ ọba lórí. Catherine Kejì, ọbabìnrin Rọ́ṣíà, tú odi wọn ká ní 1775, ó sì gba Crimea, ilẹ̀ tí Òkun Dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká, lọ́wọ́ àwọn Tatar, ẹ̀yà Mùsùlùmí tó ń gbé ibẹ̀, ní 1783. Orúkọ tí ààfin rẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tuntun tó wà ní apá Òkun Dúdú ni Novorossiya, ìyẹn Rọ́ṣíà Tuntun. Orúkọ yẹn ni Hughes mú fi pe iléeṣẹ́ rẹ̀. Ẹ fi í sọ́kàn, a óò tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Ta ló wá wa èédú náà? Àgbẹ̀ Ukraine kì í fẹ́ wọ kòtò. Ilẹ̀ dúdú tó lọ́ràá wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ló kàn án pẹ̀lú òkùnkùn abẹ́ ilẹ̀? Àwọn tí ebi lé kúrò ní Kursk àti Oryol, ní Rọ́ṣíà gan-an, ni wọ́n ń rọ́ wọlé. Ọ̀kan nínú irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ni ti Nikita Khrushchev, tó wá di olórí Soviet lẹ́yìn náà, tí wọ́n kó dé Yuzovka ní 1908 nígbà tí ọmọ náà wà ní ọdún mẹ́rìnlá. Aleksei Stakhanov, tí ìjọba Soviet gbé gẹ̀gẹ̀ nítorí pé wọ́n ní ó wa 102 tọ́ọ̀nù èédú lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ní 1935, ará apá Oryol lòun náà. Bí ìgboro ṣe di ti elédè Rọ́ṣíà nìyẹn, tí abúlé tó yí i ká sì ń sọ èdè Ukraine. Láàárín méjèèjì ni surzhyk ti jáde. Ọkà tàbí ìyẹ̀fun oríṣiríṣi tí wọ́n pò pọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi pe èdè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lápá ibí, tí èkejì wà lápá ọ̀hún. Nílé wa, àmúlùmálà la bá pè é.

Kì í ṣe èédú nìkan ló fún èdè Rọ́ṣíà lágbára, àṣẹ ìjọba wà nídìí rẹ̀. Ní 1863, Valuev, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé Rọ́ṣíà, fọwọ́ sí ìwé kan tó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ èdè Ukraine, kò sí i rí, kò sì lè sí. Ní 1876, ọba Alexander Kejì wà ní ìlú Ems ní Jámánì nígbà tó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé ní èdè náà mọ́, kí wọ́n má sì fi ṣe eré orí ìtàgé. Èdè tí kò sí, kí ni wọ́n ń fòfin dè?

Ìjọba Soviet kọ́kọ́ ṣe òdìkejì. Láti 1923 wọ́n fi tipátipá gbé èdè Ukraine wọ iléèwé àti ọ́fíìsì, títí dé Donbas. Kò pẹ́ rárá. Ìyàn tí Stalin fà ní 1932 sí 1933 pa ọ̀kẹ́ àìmọye àgbẹ̀, ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ, àwọn tó ń sọ èdè Ukraine ní abúlé gan-an sì ni. Mykola Skrypnyk, tó ti jẹ́ kòmísọ́nà ètò ẹ̀kọ́ tó sì ṣe alágbàwí èdè náà, yìnbọn pa ara rẹ̀ ní oṣù Keje 1933. Nígbà tó fi di 1959, òfin tuntun ní kí òbí fúnra rẹ̀ yan èdè tí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ rẹ̀. Òmìnira ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n gbogbo òbí mọ èdè tí wọ́n fi ń di ọ̀gá. Ẹni tó bá ti san owó ìtanràn rí ní kíláàsì nítorí pé ó sọ Yorùbá, kò nílò àlàyé mi.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á pe ẹnì kan ní elédè Rọ́ṣíà, kí ojú tó ṣẹ́ ó ti di ọmọ Rọ́ṣíà, kí a tó yíjú padà ó ti di ẹni tó fẹ́ kí Moscow wá gba òun. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ní ìkànìyàn 2001, nínú ènìyàn 100 ní ìpínlẹ̀ Donetsk, bí 57 ló pe ara wọn ní ọmọ Ukraine, 38 ní àwọn jẹ́ ọmọ Rọ́ṣíà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n béèrè èdè abínibí, 75 ló mú èdè Rọ́ṣíà. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọmọ Ukraine tí èdè Rọ́ṣíà jẹ́ èdè ilé rẹ̀ pọ̀ bí ewé. Ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ń sọ Yorùbá láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní tìtorí ìyẹn sọ pé Abuja ló ni ín.

Ìbò sì ti sọ tirẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1991, wọ́n bi ará Ukraine bóyá wọ́n fẹ́ dá dúró. Ní Donetsk àti Luhansk, nínú ènìyàn 100 tó dìbò, bí 84 ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Crimea ló mì, 54 péré. Crimea ní ìtàn tirẹ̀: ní 1944 Stalin kó gbogbo àwọn Tatar ibẹ̀ lọ sí Àárín Gbùngbùn Éṣíà, àwọn ará Rọ́ṣíà sì wá di púpọ̀ jù níbẹ̀, ní 1954, nígbà tí ọmọkùnrin Yuzovka yẹn, Khrushchev, ti di olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, wọ́n gbé e kúrò lábẹ́ Rọ́ṣíà sí abẹ́ Ukraine. Ní 1994 wọ́n dìbò yan ààrẹ tiwọn níbẹ̀, Yuriy Meshkov, tó fẹ́ fà wọ́n sún mọ́ Moscow. Ọdún kejì ni ìjọba Ukraine ní Kyiv fagi lé ipò ààrẹ náà. Ẹnikẹ́ni kò yìnbọn.

Kí ló dé tí àwọn tó dìbò fún òmìnira ní 1991 fi ń kùn ní 1993? Owó ni. Lọ́dún yẹn iye ọjà fò sókè ju ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lọ. Ní oṣù Kẹfà, àwọn awakùsà Donbas jáde kúrò nínú kòtò, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, nínú ohun tí wọ́n sì béèrè ni pé kí agbègbè wọn máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ dé àyè kan. Ní oṣù Kẹta 1994, ìpínlẹ̀ méjèèjì ṣe ìbò ìmọ̀ràn. Èyí tó ju 80 lọ nínú 100 ló fẹ́ kí èdè Rọ́ṣíà náà di èdè ìjọba. Mi ò rí ìyapa nínú èyí. Àwọn tí ebi ń pa ni wọ́n ń sọ pé kí Kyiv gbọ́ tàwọn, ní èdè tó yé wọn.

Àwọn olóṣèlú ló kọ́kọ́ fi èdè ṣe ohun ìjà. Ní ìbò 2004, Viktor Yanukovych, tó ti ṣe gómìnà Donetsk, ń bá Viktor Yushchenko du ipò ààrẹ. Wọ́n pín ìwé kiri tó ya àwòrán Ukraine sí ọ̀nà mẹ́ta, bí ẹni ń pín ẹja lọ́jà: oríṣi kìíní, oríṣi kejì, oríṣi kẹta, wọ́n sì ní ojú tí Yushchenko fi ń wo ará ìlú nìyẹn, pé ará ìlà-oòrùn ló fi sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Nígbà tí èrò kún ìgboro Kyiv nítorí màgòmágó ìbò, àwọn gómìnà àti aṣojú láti ìlà-oòrùn pé jọ sí Severodonetsk ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá, wọ́n ń halẹ̀ pé àwọn yóò dá ìjọba tàwọn sílẹ̀, Luzhkov, olórí ìlú Moscow, sì jókòó láàárín wọn. Ìhàlẹ̀ náà tú ká bí ìkùukùu. Ṣùgbọ́n ní 2005 ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Donetsk Republic yọjú, ilé ẹjọ́ sì fòfin dè é ní 2007.

Ẹgbẹ́ yìí àti àwọn irú rẹ̀ nílò baba ńlá, wọ́n sì wá a lọ sí 1918. Lóòótọ́, ní oṣù Kejì ọdún náà, àwọn Bolshevik, ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́ Lenin, ní Kharkiv, lábẹ́ ẹni tí wọ́n ń pè ní Artyom, kéde orílẹ̀-èdè Soviet kan tó ń jẹ́ Donetsk-Krivoy Rog. Lenin fúnra rẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ Kharkiv ní oṣù Kẹrin, ọ̀rọ̀ parí. Orílẹ̀-èdè oṣù bíi mélòó kan, tí ọ̀pọ̀ ará Donetsk kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ni wọ́n gbé jáde láti inú pósí pé òun ni wọ́n ń jogún.

Ìjọba Yanukovych, tó wá di ààrẹ ní 2010, ṣe òfin kan ní 2012 pé ibi tí ìdá mẹ́wàá ènìyàn bá ti ń sọ èdè kan, kí èdè náà ní ẹ̀tọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ibẹ̀. Lẹ́yìn tí ìwọ́de ńlá ní Kyiv mú kí Yanukovych sá lọ ní oṣù Kejì 2014, àwọn aṣòfin kò tíì mí kanlẹ̀ kí wọ́n tó dìbò ní ọjọ́ 23 pé kí wọ́n fagi lé òfin náà. Ìwà òmùgọ̀ pátápátá, ojú tèmi nìyẹn. Turchynov, adelé ààrẹ, kọ̀ láti fọwọ́ sí i, òfin 2012 sì wà nílẹ̀ títí di 2018. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n Moscow ti gbé e: wọ́n ti fòfin de èdè yín! Ìròyìn pé wọn kò fọwọ́ sí i kò dé ibi tí ìròyìn àkọ́kọ́ dé.

Nínú oṣù Kẹta, Rọ́ṣíà gba Crimea. Sergei Aksyonov tí wọ́n gbé jókòó síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà ju ìjókòó mẹ́ta lọ nínú ọgọ́rùn-ún ní ilé aṣòfin Crimea ní ìbò 2010.

Oṣù Kẹrin ló kan Donbas. Ní ọjọ́ kẹfà, àwọn èrò gba ilé ìjọba ní Donetsk àti Kharkiv, ọjọ́ kejì ni wọ́n kéde orílẹ̀-èdè tuntun ní ibi méjèèjì. Ìlú ńlá méjì tó ń sọ èdè Rọ́ṣíà, ìgbésẹ̀ kan náà. Ní Kharkiv, ní ìdájí ọjọ́ kẹjọ, ikọ̀ ọlọ́pàá àkànṣe láti ìta wọlé, wọ́n kó àwọn èrò náà, orílẹ̀-èdè Kharkiv sì di àlá òru kan. Ní Donetsk, ẹnikẹ́ni kò wá. Tó bá jẹ́ èdè ló ń fa ìyapa, kí ló dé tí Kharkiv kò fi lọ?

Ní ọjọ́ 12, àwọn ọkùnrin abìbọn gba àgọ́ ọlọ́pàá Sloviansk, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Donetsk. Olórí wọn, Igor Girkin, ará Moscow ni, ó ti ṣiṣẹ́ aṣèwádìí abẹ́lẹ̀ fún Rọ́ṣíà, Crimea ló sì ti ń bọ̀. Alexander Borodai tó kọ́kọ́ ṣe olórí ìjọba "orílẹ̀-èdè" Donetsk, ará Moscow lòun náà. Nílé wa, ajìjàgbara là ń pe ẹni tó bá ní kí agbègbè òun dá dúró. Mi ò lè fún àwọn méjì yìí lórúkọ yẹn. Ajìjàgbara ìlú tí kì í ṣe ìlú rẹ̀ ńkọ́? Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, Putin jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ka orúkọ Kharkiv, Luhansk, Donetsk, Kherson, Mykolaiv àti Odessa, ó ní Novorossiya ni wọ́n ń pe ibẹ̀ láyé ọba. Orúkọ Catherine ti padà dé.

Ṣùgbọ́n irọ́ ni tí mo bá ní gbogbo rẹ̀ ti Moscow wá. Nínú ìwádìí kan tí iléeṣẹ́ KIIS ní Kyiv ṣe lóṣù kan náà, bí 27 nínú 100 ní ìpínlẹ̀ Donetsk ló fẹ́ kí àwọn lọ bá Rọ́ṣíà, 30 ní Luhansk. Wọn kò pọ̀ tó láti borí, wọ́n sì pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè fojú fò lọ. Awakùsà, awakọ̀, ọlọ́pàá tí ẹ̀rù Kyiv ń bà gbé ìbọn nítorí ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún, ìjà ìgboro ní Odessa parí sínú iná tó jó ilé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́; ènìyàn 48 ló kú lọ́jọ́ náà, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ alátìlẹ́yìn Rọ́ṣíà. Nígbà tí ọta ìbọn ńlá Ukraine bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ sí àdúgbò ènìyàn ní Donetsk, ẹni tí kò bìkítà tẹ́lẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bìkítà. Ogun ló sọ elédè Rọ́ṣíà di ẹ̀yà fún àwọn kan, kì í ṣe ẹ̀yà ló bí ogun.

Ohun tó tẹ̀lé e, ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ ọ́n: àdéhùn Minsk méjèèjì tí wọ́n fi fẹ́ dá ogun dúró, bí 14,000 òkú kí 2022 tó dé, lẹ́yìn náà ogun ńlá ti ọjọ́ 24 oṣù Kejì, tó lé àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Kharkiv jáde. Mariupol, ìlú elédè Rọ́ṣíà, ni àwọn tó ní àwọn ń gba elédè Rọ́ṣíà là fọ́ sí wẹ́wẹ́. Kyiv náà ti ṣe òfin èdè mìíràn ní 2019, pé èdè Ukraine ni kí òǹtajà kọ́kọ́ fi kí oníbàárà; ó le díẹ̀ lójú mi, ṣùgbọ́n bọ́ǹbù Rọ́ṣíà ti yí èdè ilé àwọn ènìyàn padà ju bí òfin ṣe lè yí i lọ.

Ní oṣù àkọ́kọ́ ogun 2022, ọ̀rọ̀ kan gbayì níbi tí wọ́n ti ń dá ọkọ̀ dúró lójú títì: palianytsia, búrẹ́dì roboto kan. Wọ́n gbà pé ahọ́n ará Rọ́ṣíà kò lè pè é dáadáa, nítorí náà ẹni tí wọ́n bá fura sí, wọ́n á ní kó pè é. Lẹ́yìn tó bá ti kọjá, èdè Rọ́ṣíà ni ọ̀pọ̀ àwọn sójà náà ń bá ara wọn sọ.