Kúkì Ẹ̀pà Tó Rọ̀, Tí Àlìkámà Ò Sí Nínú Rẹ̀

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ó mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dání. Ọmọ náà á tó ọdún méje. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára kúkì tó wà nínú gíláàsì. Ìyá rẹ̀ ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní nǹkan tí ò ní fúláwà? Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan àlìkámà mọ́." Mo ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kẹta. Mo ti ń ṣe kúkì ẹ̀pà tipẹ́, mo sì mọ̀ pé álímọ́ǹdì lílọ̀ lè dípò fúláwà nínú rẹ̀. Mo ṣe é, ó dùn, ó rọ̀, ọmọ náà jẹ mẹ́rin níbẹ̀ lójú mi. Lóru ọjọ́ yẹn, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ pè mí láàárọ̀, mo jókòó, mo ń ka gbogbo ohun tí mo fi sí i lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ̀pà, álímọ́ǹdì, ṣúgà, ẹyin, iyọ̀, baking soda. Àlìkámà ò sí níbẹ̀. Ìgbà tí mo rántí ibi tí mo ti lọ ẹ̀pà ni ara mi bù máṣọ. Mo padà lọ bá bàbá tó ni ẹ̀rọ ìlọta. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀pà tí mo gbé wá níjọ́sí, kí lẹ lọ̀ ṣáájú rẹ̀?" Wọ́n ronú díẹ̀. "Àlìkámà ni, ìyá oníkéèkì. Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà ló máa ń gbé e wá, wọ́n á fi ròkà." Bàbá ò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mi ò bèèrè.

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mò ń sọ fún ẹni tó bá wá kọ́ kúkì yìí lọ́wọ́ mi ni pé fúláwà ń bá wa bo àṣìṣe púpọ̀. Bí ẹ̀pà bá ti ń kan díẹ̀, fúláwà á bò ó. Bí iná bá pọ̀ jù, kúkì oníàlìkámà á ṣì mú ara rẹ̀ dúró. Ẹ yọ fúláwà kúrò, gbogbo rẹ̀ á hàn síta. Orí ẹ̀pà àti iná ni mo máa pẹ́ sí jù lónìí. Pípò rẹ̀ fúnra rẹ̀ ò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sá fún. Gluten jẹ́ purotéènì inú àlìkámà, irú rẹ̀ wà nínú báálì àti ráì pẹ̀lú. Òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun búrẹ́dì fà bíi ṣingọ́ọ̀mù, òun ló ń di afẹ́fẹ́ mú tí búrẹ́dì fi ń wú. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn gbà á. Lára ẹni tó ní àìsàn celiac, bí gluten bá ti dé inú ìfun, àwọn ọmọ ogun tó yẹ kó máa bá àrùn jà á dojú kọ ìfun kékeré, wọ́n á máa bà á jẹ́, oúnjẹ tí ẹni náà ń jẹ ò sì ní ṣe é lóore tó yẹ mọ́. Èérún kékeré tó láti dá a sílẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kó jìnnà sí gluten títí ayé. Bí ẹ bá fura pé ọmọ yín ní in, ẹ lọ rí dókítà kí ẹ tó gba búrẹ́dì lẹ́nu rẹ̀, torí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè má fi nǹkan kan hàn bí ọmọ náà bá ti pa àlìkámà tì fún ìgbà díẹ̀.

Àmàlà, ẹ̀bà, iyán, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, ìrẹsì: kò sí gluten nínú èyíkéyìí nínú wọn. Ìpápánu ló ń dun ọmọ irú yìí. Búrẹ́dì, púfù-púfù, ṣíǹṣíǹ, míìtì páì, ìndómì, kéèkì ọjọ́ ìbí, àlìkámà ni gbogbo wọn. Ọmọ á jókòó níbi tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń jẹun, á wá máa mu omi. Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ kí kúkì rẹ̀ dùn ju ti àwọn yòókù lọ.

Álímọ́ǹdì ńkọ́? Ẹ má ṣe rò pé fúrúùtù ni o, igi ńlá abẹ́ òjìji tó wà nínú ọgbà ilé ìwé wa, tí a máa ń fi òkúta fọ́ kóró rẹ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Àwọn òyìnbó náà ń pe ìyẹn ní irú álímọ́ǹdì kan, kóró inú rẹ̀ sì ṣeé jẹ, àmọ́ igi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Álímọ́ǹdì tí à ń wí yìí, òkè òkun ló ti ń wá, Califóníà ní Amẹ́ríkà sì ni wọ́n ti ń gbìn ín jù láyé. Ó wọ́n, mi ò ní purọ́ fún yín. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ti lọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, ẹ mú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ funfun bíi wàrà, tó kúnná, tí ara ike rẹ̀ sì sọ pé kò ní gluten. Ẹ rẹ́ díẹ̀ láàárín ìka méjì: ó yẹ kó dì mọ́ra, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ òróró. Bí ó bá ń fọ́n bí ẹ̀lùbọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ lè lọ̀ ọ́ fúnra yín. Ẹ da omi gbígbóná lé kóró álímọ́ǹdì fún ìṣẹ́jú kan, èèpo rẹ̀ á máa yọ̀ bọ́ bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, bí ọjọ́ méjì. Ẹ wá lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú bùléńdà gbígbẹ, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ máa fi sílẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó máa yí lọ láìdúró, òróró rẹ̀ á jáde, ó di bọ́tà nìyẹn. Inú fíríìsà ni kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí, torí ooru Ìbàdàn kì í pẹ́ mú kó kan.

Ó wá ku ẹ̀pà. Sábó tàbí Bódìjà ni mo ti ń rà á. Tútù ni mo ń rà, mi ò kì í ra yíyan, torí àwọn tó ń fi yanrìn yan ẹ̀pà, yanrìn náà máa ń kù sára rẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ àfìgbà tó bá dún lábẹ́ eyín yín. Mo máa ń da ẹ̀pà sórí àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, mo máa jókòó síwájú rẹ̀, mo máa ṣà á. Èyí tó hunjọ, èyí tó dúdú, èyí tó ti bu, èyí tí kòkòrò ti jẹ, gbogbo wọn á lọ sí ààtàn. Ẹ má wò ó pé owó ni ẹ ń dà nù. Olú tó ń hù lára ẹ̀pà máa ń ṣe májèlé kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Yíyan kì í pa á tán. Nínú ìlú wa níbí, lójú ọ̀nà Mọ́níyà, ni àwọn onímọ̀ IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà tí wọ́n ṣe Aflasafe, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sóko: ẹ̀yà olú náà tí kò ní májèlé ni wọ́n fi ń gba ààyè mọ́ èyí tó ní in lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀pà bá ti dé ọwọ́ yín, ojú yín ló kù.

Bí ẹ bá ti ṣà á tán, ẹ yan án nínú oven tàbí nínú páànù gbígbẹ títí òórùn rẹ̀ á fi gba ilé, kí àwọ̀ inú rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Ẹ bó o, ẹ fẹ́ èèpo rẹ̀ dà nù. Kí ẹ wá lọ̀ ọ́ nínú bùléńdà tí ẹ kò fi lọ nǹkan tó ní àlìkámà rí. Tèmi wà lọ́tọ̀, mo we téèpù pupa mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ mi kan ò jẹ́ fọwọ́ kàn án fún nǹkan mìíràn. Ẹ̀pà á kọ́kọ́ di ìyẹ̀fun, ẹ ó sì rò pé ó ti tán. Ẹ máa lọ̀ ọ́. Á dì, á lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, bùléńdà á máa kérora. Ẹ pa á kó sinmi, kí ẹ fi ṣíbí ro ó padà, kí ẹ tún tàn án. Lójijì ni òróró rẹ̀ á jáde, á máa dán, á máa ṣàn bí ọbẹ̀ gbẹ̀gìrì tó ki. Ibi tí à ń lọ nìyẹn. Ẹ má bu omi sí i, ẹ má bu òróró sí i. Ti inú ìgò náà dára bí ẹ bá fẹ́ lò ó, àmọ́ ẹ ka ara rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ti ní ṣúgà àti iyọ̀ nínú, tiyín á wá dín kù.

Ẹ wọn 250 gíráàmù ẹ̀pà lílọ̀ sínú abọ́, àti 150 gíráàmù ṣúgà aláwọ̀ igi. Ṣúgà yẹn ló ń mú kó rọ̀, torí omi dúdú ìrèké tó wà lára rẹ̀ máa ń di omi mú. Bí ṣúgà funfun nìkan bá wà nílé, ẹ wọn 130, kí ẹ fi ṣíbí ìjẹun kan oyin kún un, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé oyin á tètè pọ́n lórí iná. Ẹ po méjèèjì pọ̀, ẹ fọ́ ẹyin kan sí i, ẹ fi ṣíbí tíì kan fànílà sí i. Lẹ́yìn náà, 100 gíráàmù álímọ́ǹdì lílọ̀, ìdajì ṣíbí tíì baking soda, àti ìdámẹ́rin ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ má fi kánún dípò baking soda o. Ẹnìkan ti bi mí rí. Bí ẹ bá po ó tán, á rọ̀ jù lójú yín, á máa dán fún òróró. Ẹ má fi nǹkan kan kún un. Inú fíríìjì ni kí ẹ gbé e sí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí òróró rẹ̀ dì. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ lórí tíréè.

Ẹ ká a ní róbótó róbótó, 28 gíráàmù lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò tó ogún. Ẹ tẹ́ bébà ìyan sórí tíréè, ẹ tò wọ́n sórí rẹ̀ kí wọ́n jìnnà síra wọn, kí ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ wọ́n díẹ̀.

Iná ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí báyìí. 175°C ni, èyí tó súnmọ́ nọ́ńbà 4 lórí oven gáàsì. Ẹ tàn án sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó gbé kúkì wọlé. Ìsàlẹ̀ oven gáàsì tí à ń lò nílé máa ń gbóná ju òkè rẹ̀ lọ. Mo máa ń to tíréè méjì lé ara wọn kí ìdí kúkì má baà jó. Láti ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ẹ má kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ wo etí kúkì: yóò ti le díẹ̀, yóò sì ti gba àwọ̀. Ẹ wá wo àárín: yóò ṣì wú, yóò ṣì tutù lójú, bí ẹni pé kò jinná. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e jáde. Ọkàn yín á máa sọ pé kí ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta kún un. Ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Tíréè gbígbóná ni yóò parí iṣẹ́ náà níta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ló máa ń sọ kúkì yìí di gbígbẹ bíi kúlíkúlí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ó di ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gluten ni ì bá di kúkì mú nígbà tó ṣì gbóná, kò sì sí níbẹ̀. Ẹyin àti ṣúgà ló ń dì í, àwọn náà sì ní láti tutù kí wọ́n tó le. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo kánjú, mo fi ṣíbí pẹlẹbẹ gbé ọ̀kan, ó já sí méjì, ìdajì rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Mo rò pé ẹyin ò pọ̀ tó. Mo fi ẹyin kejì sí i lọ́jọ́ kejì, ó wá rí bíi kéèkì. Ìjókòó lásán ni mi ò fún un.

Ohun kan wà tí mi ò lè fò. Kúkì tí kò ní gluten lè pa ẹlòmíràn lára. Ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, álímọ́ǹdì wà nínú rẹ̀, ẹyin sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà lè wú lẹ́nu, kó má lè mí, kó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tó bù ú jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwé tàbí ibi àríyá, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síta gbangba. Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà náà, ẹ jọ̀ọ́, ṣúgà wà níbẹ̀ o.

Inú agolo tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀ ni kí ẹ kó o sí bó bá ti tutù pátápátá. Yóò wà ní rírọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ kò ní tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń fi búrẹ́dì kan sínú agolo kúkì kó má baà le. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú èyí, àlìkámà tí ẹ sá fún láti àárọ̀ ni ẹ fẹ́ gbé padà wọlé yẹn. Ápù tí ẹ gé díẹ̀ á ṣe iṣẹ́ kan náà, kí ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì.

Ìyá ọmọ ọjọ́sí kì í gba yíyan lọ́wọ́ mi mọ́. Bọ́ọ̀lù tútù ni wọ́n ń rà, tó ti dì gbagidi, ogún nínú ọ̀rá kan, wọ́n á kó o sí fíríìsà wọn. Bí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, wọ́n á yan méjì fún un. Bí ẹ̀yin náà bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró kó yọ́. Láti inú yìnyín ni kí ẹ ti gbé e sórí tíréè, kí ẹ fi ìṣẹ́jú méjì kún àkókò rẹ̀.