Ọ̀rọ̀-Ìṣe Àsìkò Tó Kọjá, Ọ̀rọ̀ Atọ́kùn àti Arọ́pò-Orúkọ Nínú Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì

Ọmọbìnrin kan tí ó ń múra ìdánwò WAEC, tí ó máa ń wá gba ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Mọ́kọlá, kọ gbólóhùn kan sínú ìwé rẹ̀ báyìí pé "I wait her at Dugbe and she borrow me five hundred naira." Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé òun dúró de ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ní Dùgbẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà sì yá òun ní 500 náírà. Mo fa ìlà sí i nídìí, ṣùgbọ́n n kò bá a wí, nítorí pé Yorùbá tó dá ṣáká ni ó wà nínú gbólóhùn yẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni kì í ru ẹrù náà bí Yorùbá ṣe ń rù ú. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fẹ́ ẹ ni "I waited for her at Dugbe and she lent me five hundred naira."

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í pa ara dà nítorí àsìkò. "Lọ" kan náà ni ó wà nínú "mo lọ", "mò ń lọ" àti "mo ti lọ". Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó ṣáájú rẹ̀ ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn. Bí kò bá sí ọ̀kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe tó jẹ mọ́ nǹkan ṣíṣe a máa tọ́ka sí ohun tó ti kọjá, bíi "mo ra ẹ̀wà", nígbà tí èyí tó jẹ mọ́ ipò tí ènìyàn wà, bíi "mo mọ̀ ọ́n", a máa tọ́ka sí ìsinsìnyí. Gẹ̀ẹ́sì kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ni àmì àsìkò gbọ́dọ̀ hàn sí, tí "wait" fi ń di "waited", tí nǹkan bí 200 ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn sì ń yí padà lọ́nà tiwọn, bí "go" ṣe ń di "went" àti bí "lend" ṣe ń di "lent".

Mo rò pé etí ni ìṣòro yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́. Àmì "-ed" máa ń dún bíi "t" ní ìparí "walked", ó ń dún bíi "d" ní ìparí "called", inú irú ọ̀rọ̀ bíi "waited" nìkan ni ó ti ń di sílébù tó dá dúró. Sílébù Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí, nítorí náà "t" tàbí "d" ìparí yẹn máa ń fo etí wa dá, ohun tí ọmọ kò bá sì gbọ́, kò lè rántí láti kọ ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ní kí wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà sókè kí wọ́n tó kọ ọ́. Bí "did" bá ti wọ inú gbólóhùn, òun ló gba àmì náà rù, ọ̀rọ̀-ìṣe á sì padà sí bó ṣe wà: "she did not call me", kì í ṣe "did not called".

Ní ti ọ̀rọ̀ atọ́kùn, ìyẹn irú ọ̀rọ̀ bíi "for", "to" àti "from", "dè" inú "mo dúró dè é" ni Gẹ̀ẹ́sì ń fi "for" sọ. Yorùbá a máa to ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ léra wọn, bíi "ó gbé e wá fún mi", ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì á kó "gbé" àti "wá" sínú "brought" kan ṣoṣo, á wá fi "to" sí ipò "fún". "Yá" tiwa ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó gba owó àti ẹni tó fún un. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí méjì, "I borrowed money from her" fún "mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀", "she lent me money" fún "ó yá mi lówó". "Lọ́wọ́" yìí sì ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn kọ "from my hand" níbi tí "from me" ti tó.

Arọ́pò-orúkọ kò yẹ kó dẹ́rù bà wá tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó kọ "I gave it to she" mọ̀ pé a kì í sọ pé "mo fún ó", "mo fún un" ni. Bí "ó" ṣe di "un" nígbà tó di àbọ̀, ìyẹn ẹni tí a ṣe nǹkan náà sí, náà ni "she" ṣe ń di "her". Ibi tó ṣòro ni ti ọ̀wọ̀. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa ò ní pe ìyá rẹ̀ àgbà ní "ó", nítorí náà ó kọ ọ́ pé "my grandmother came and they greeted us." Gẹ̀ẹ́sì kì í fi "they" bọ̀wọ̀ fún àgbà, "she" ni yóò kọ.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni ibi tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé. A lè sọ pé "she picked up the bag", a sì lè sọ pé "she picked the bag up", ṣùgbọ́n bí "it" bá rọ́pò báàgì náà, àárín nìkan ni ó lè wà: "she picked it up". Síbẹ̀, "she looked at it" ni a ń sọ, kì í ṣe "looked it at". Mo bi ọmọbìnrin yìí pé kí ó sọ fún mi pé ẹnì kan ba aṣọ jẹ́, kí ó má dárúkọ aṣọ náà mọ́.

"Ó bà á jẹ́, mà."

"Kí ló dé tí o ò sọ pé 'ó bàjẹ́ á'?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mà, kò ṣeé gbọ́ sétí."

Bí "jẹ́" ṣe jẹ́ ti "bà" ni "up" ṣe jẹ́ ti "picked", arọ́pò-orúkọ á sì bọ́ sáàárín wọn. "At" ní tirẹ̀ dà bí "sí" inú "ó fetí sí i". Ó gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun tó ń tọ́ka sí. Àmì àsìkò kò kúrò lára "picked" síbẹ̀.

Mo ní kí ó wá parí ìtàn owó náà. Ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, "Ní ọjọ́ Ajé, mo san án padà fún un", lẹ́yìn náà ni ó kọ ọ́ sábẹ́ ìlà tí mo fà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan níbi tí èkejì rẹ̀ wà: "On Monday, I paid it back to her."