Èéhù Tó Ń Yọ Lẹ́yìn Tí A Ti Gé Igi: Gbòǹgbò Ni Ká Dójú Kọ

Kò pẹ́ tí a bá ti gé àwọn igi kan lulẹ̀ tí èéhù á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára kùkùté wọn, tí òmíràn á sì ta jáde láàárín koríko níbi tó jìnnà sí ìdí igi náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé igi mìíràn tó ti ara èso hù ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kùkùté tàbí gbòǹgbò tó ṣì wà láàyè nínú ilẹ̀ ló ta á jáde. Nígbà tí igi ṣì dúró, ọ̀mùnú orí ẹ̀ka rẹ̀ ń pèsè họ́mọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní auxin, èyí tó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀, tí kì í sì í jẹ́ kí ojú tó wà lára ìdí igi àti gbòǹgbò hù. Bí a bá ti gé igi, auxin yìí dáwọ́ dúró, àwọn ojú náà á sì là. Ẹ̀rọ tí ń lọ kùkùté pàápàá kì í kó gbòǹgbò tó ti nà lọ jìnnà.

Gbòǹgbò kò ní ewé tí yóò fi pèsè oúnjẹ fúnra rẹ̀; sítáàsì, ìyẹn oúnjẹ tí igi ti kó pamọ́ sínú rẹ̀, ló ń ná, bí oníṣòwò ṣe ń ná owó òwò. Gbogbo èéhù tó bá yọ, ìnáwó ni, èrè kò sì wọlé títí ewé rẹ̀ á fi gbó tó láti máa fi oòrùn pèsè oúnjẹ ránṣẹ́ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá gé e kí ewé tó gbó ti jẹ́ kí owó náà wọgbó. Ẹni tó bá sì dúró di ìgbà tó ga dé àyà kó tó mú àdá, gbòǹgbò tó dà bí oníṣòwò yìí ti rí owó rẹ̀ gbà padà, ó tún ti jèrè lé e. Ìdí nìyí tí gígé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún fi jẹ́ iṣẹ́ àṣedànù, tí gígé léraléra fún ọdún mélòó kan sì ń pa gbòǹgbò.

Ẹni tí kò bá ní sùúrù yẹn lè lo oògùn apakoríko bíi glyphosate tàbí triclopyr. Lójú kùkùté tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó tutù yíká, lábẹ́ èèpo gan-an. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ń gbà lọ sí gbòǹgbò, ibẹ̀ náà sì ni kí a fi oògùn pa láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kó tó gbẹ. Àárín kùkùté ti kú tipẹ́, nítorí náà oògùn tí a bá dà síbẹ̀ ṣòfò ni. Ṣùgbọ́n èyí tó ń bíni nínú jù ni iyọ̀ àti kẹrosíìnì tí àwọn kan ń dà sórí kùkùté: wọn kì í bá oúnjẹ igi rìn dé gbòǹgbò tó wà lọ́nà jíjìn, ilẹ̀ ni wọ́n ń bà jẹ́.

Kí a kíyè sí i pé gbòǹgbò igi méjì tó jẹ́ irú kan náà lè lẹ̀ mọ́ra nínú ilẹ̀, kí oògùn sì gba ibẹ̀ kọjá sínú èyí tí a kò fẹ́ kó kú. Níbi tí irú igi bẹ́ẹ̀ bá wà nítòsí, àdá nìkan ni kí a lò.