Erékùṣù ni ọgbọ́n tí kì í jẹ́ kí káàdì rédíò forí gbárí ti wá

Ẹni tó bá ti fi pọ́ọ̀sì tí káàdì méjì wà nínú rẹ̀ kan ẹ̀rọ ọkọ̀ BRT ní CMS rí mọ̀ pé ẹ̀rọ náà lè kọ̀ láti gba owó. Rédíò ni káàdì fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀; ohùn méjì ló gbọ́ pọ̀, kò sì mọ èyí tí yóò yọ owó nínú rẹ̀.

Lójú tèmi, erékùṣù Hawaii ni ọgbọ́n tí a fi ń yanjú ìforígbárí yìí ti ṣẹ̀ wá. Omi ló pín àwọn ọgbà Yunifásítì Hawaii níyà, wáyà tẹlifóònù sì wọ́n, nítorí náà ni Norman Abramson, ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀, ṣe dá ètò ALOHA sílẹ̀, tó kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1970, tí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún 1971, kí àwọn tó wà ní erékùṣù mìíràn lè máa fi rédíò bá kọ̀ǹpútà tó wà ní Honolulu sọ̀rọ̀. Òfin rẹ̀ kò le: ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó sọ ọ́; bí ọ̀rọ̀ méjì bá pàdé lọ́nà tí wọ́n sì bàjẹ́, kí oníkálukú dúró fún ìwọ̀n àkókò tí kò bá ti ẹnìkejì mu kó tó tún un sọ. Ọ̀gbẹ́ni náà fẹ́ràn láti máa fi pátákó gun ìgbì òkun, mo sì fura pé dídúró de ìgbì ló kọ́ ọ ní sùúrù yẹn. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó mọ ọ̀sà kò ní bá mi jiyàn. Ìkíni ni orúkọ náà pàápàá: àwọn ará Hawaii ń fi aloha pàdé ara wọn, wọ́n ń fi í dágbére, ó sì tún túmọ̀ sí ìfẹ́. Kò yẹ kí èyí ya àwa tí a ní “ẹ kú” fún òjò, fún ọjà, fún ìrìn àti fún ìjókòó lẹ́nu.

Àwọn kan ní ọ̀nà igi, èyí tí ẹ̀rọ fi ń yẹ nọ́ńbà káàdì wò díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ku ẹyọ kan, ni baba ọgbọ́n yìí. Ọ̀pọ̀ káàdì tí a ń fi kan ẹ̀rọ ló ń lò ó lóòótọ́, àmọ́ ọdún 1979, lẹ́yìn ALOHA, ni ìwé onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Capetanakis lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jáde.

Ìyókù kò gùn. Lọ́dún 1972, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Lawrence Roberts gé àkókò ALOHA sí ìpín tó dọ́gba, ohun tó ń kọjá láìforígbárí sì fi nǹkan bí 18 nínú 100 sílẹ̀ bọ́ sí 37. Lọ́dún 2004, EPC Gen2, ìlànà fún táàgì, ìyẹn àmì rédíò kékeré tí a ń lẹ̀ mọ́ ọjà, gbé ọgbọ́n yìí wọ inú táàgì: ẹ̀rọ á kéde Q, nọ́ńbà kan láti 0 dé 15 tó ń pinnu iye ìpín, táàgì kọ̀ọ̀kan á sì mú ìpín kan láàárín ìpín tó lè tó 32,768. Táàgì kì í kọ́kọ́ sọ orúkọ ara rẹ̀. Nọ́ńbà kékeré kan tó ṣèèṣì mú ló ń sọ, ìgbà tí ẹ̀rọ bá pe nọ́ńbà yẹn padà ló tó dárúkọ.