Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí Í Wọn Ipá Átọ́ọ̀mù Nínú Afẹ́fẹ́

Ní ọdún 1981, ní ilé ìwádìí IBM tó wà ní Rüschlikon lẹ́bàá Zurich, Gerd Binnig àti Heinrich Rohrer ṣe máíkírósíkóòpù tí à ń pè ní STM, èyí tó lè fi átọ́ọ̀mù orí ojú ohun líle hàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iná mànàmáná ni ẹ̀rọ náà gbára lé: wọ́n á sún abẹ́rẹ́ kan mọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ wò títí iná á fi máa fo àlàfo àárín wọn kọjá. Nítorí náà, ohun tí iná kì í gbà kọjá, bíi gíláàsì, ike tàbí seramíìkì, kò ṣeé fi í wò.

Ní ọdún 1985, nígbà tí Binnig àti Christoph Gerber wà ní California, àwọn pẹ̀lú Calvin Quate ti Yunifásítì Stanford wá ọgbọ́n mìíràn dá, ìyẹn ẹ̀rọ tí à ń pè ní AFM, máíkírósíkóòpù tó ń fi ipá àárín átọ́ọ̀mù ṣiṣẹ́ dípò iná. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ èérún dáyámọ́ńdì ṣóńṣó mọ́ ewé wúrà kan tí gígùn rẹ̀ kò tó mílímítà kan, wọ́n sì gbé abẹ́rẹ́ STM sí ẹ̀yìn ewé náà. Bí dáyámọ́ńdì náà bá ti ń rìn lórí seramíìkì, ipá àárín átọ́ọ̀mù á máa tẹ ewé wúrà, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn á sì máa mọ bí ó ṣe tẹ̀ tó. Tí a bá ti mọ bí ewé náà ṣe le tó, a ti mọ ipá tó tẹ̀ ẹ́. Ibí yìí ni mo kà sí apá tó lẹ́wà jù nínú ìtàn náà, nítorí kò gba ohun èlò abàmì kankan: ewé aluminiọ́ọ̀mù tí a fi ń wé oúnjẹ, bí a bá gé e ní mílímítà 4 ní gígùn àti 1 ní fífẹ̀, rọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ju ìdè tó so átọ́ọ̀mù mọ́ra nínú ohun líle lọ, nítorí náà ewé náà ni yóò tẹ̀, kì í ṣe ìdè átọ́ọ̀mù.

Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní oṣù kẹta ọdún 1986. Inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ṣe é, ẹ̀rọ náà sì mọ ìyàtọ̀ gíga tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá nánómítà (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà), ṣùgbọ́n ní ìbú, nánómítà 3 ni agbára rẹ̀ mọ, èyí tó tóbi ju átọ́ọ̀mù kan lọ dáadáa. Ní ọdún 1988, àwọn olùwádìí méjì, Meyer àti Amer, fi ìtànṣán lésà tó ń ta padà láti ẹ̀yìn ewé náà rọ́pò abẹ́rẹ́ STM.

Omi ló wá di ìṣòro ńlá. Gbogbo ohun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ ni àwọ̀ omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń bò. Tí ṣóńṣó ẹ̀rọ bá ti kàn án, omi náà á gùn ún, á sì dì í mú, débi pé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbé e kúrò, ewé rẹ̀ á kọ́kọ́ tẹ̀ wálẹ̀ kí ó tó já gbà lójijì. Ní ọdún 1989, àwọn olùwádìí Weisenhorn àti Hansma, pẹ̀lú Albrecht àti Quate, wọn ipá yìí: nínú afẹ́fẹ́, ó ju 100 nanonewton (òṣùwọ̀n fún ipá tó kéré gan-an) lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ri ṣóńṣó àti ohun tí wọ́n ń wò sínú omi pátápátá, wọ́n lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ipá tí kò ju bíi nanonewton 1 lọ. Ó hàn gbangba pé fífà omi ló ń bo ipá átọ́ọ̀mù mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1993, àwọn kan ní Santa Barbara jẹ́ kí ṣóńṣó náà máa gbọ̀n, kí ó máa kan ojú ohun náà fẹ́rẹ́ kí ó sì tún kúrò, kí omi má baà ráyè dì í mú.

Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ dé orí átọ́ọ̀mù lòdì sí ìrònú àkọ́kọ́, nítorí líle ni wọ́n wá lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe rírọ̀. Franz Giessibl, onímọ̀ físíìsì ará Jámánì, mú fọ́ọ̀kì ẹlẹ́ka méjì tí a fi òkúta quartz ṣe, irú èyí tó ń mú aago ọwọ́ rìn déédéé, ó de ẹ̀ka kan mọ́lẹ̀, ó sì lẹ ṣóńṣó mọ́ ìkejì. Ó le débi pé omi kò lè fà á lulẹ̀, bí ìyára gbígbọ̀n rẹ̀ sì ṣe ń yí padà ni wọ́n fi ń mọ ipá. Ní ọdún 2013, ní Regensburg ní Jámánì, Wastl, Weymouth àti Giessibl fi í rí átọ́ọ̀mù orí iyọ̀ potassium bromide nínú afẹ́fẹ́ lásán. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń yí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ náà padà, kí wọ́n lè mọ bí nínípọn àwọ̀ omi ṣe ń dín gbígbọ̀n fọ́ọ̀kì náà kù, lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣírò bí ó ṣe yẹ kí gbígbọ̀n náà fẹ̀ tó kí àwòrán átọ́ọ̀mù lè mọ́ kedere.